Ìdánwò Alágbẹ̀dẹ Wúrà

Àfọwọ́fà mi ni. Nítorí ọyẹ́, èmi arúgbó sá fún omi tútù, mi ò wẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ mi lára kí ó lè kọ́ bí mo ṣe ń lu wúrà. Ìdí ń yún mi burúkú! Mo lu òrùka, mo họ ìdí. Ẹ̀rọ yẹn ló kọ́ gbogbo ọ̀dọ́ alágbẹ̀dẹ wúrà níṣẹ́.

Láàárọ̀ yìí a ṣèdánwò. Ẹni tí kò bá yege kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ kankan mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń lù, wọ́n ń họ ìdí. Èmi ń lù, mò ń rẹ́rìn-ín.

Àdùnbárìn, ọ̀gá ìdánwò, kúnlẹ̀ kí mi kó tó fagi lé orúkọ mi.

"Màmá, òrùka yín dára, àmọ́ ẹ ò họ ìdí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ta ló kọ́ yín níṣẹ́ yìí ná?"