Ẹ Bá Mi Kí Wọn

"Olúwa, má jẹ́ kí ohùn yìí sọnù," ni atúnkọ̀ǹpútàṣe ń wí.

Atọ́ka tó ń sọ ibi tí gbogbo nǹkan wà nínú kọ̀ǹpútà náà ti bàjẹ́.

"Ẹ rọra, ọ̀gá," ni màmá tó jókòó tì í wí. "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn."

Ọpẹ́ ni pé kọ̀ǹpútà fi ẹ̀dà atọ́ka méjì pamọ́ síbòmíràn. Àkọ́kọ́ kọ̀.

Ìkejì gbà!

Ohùn obìnrin kan ń ki ọmọ rẹ̀: "Apọ́nbéporẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn mi!"

Màmá pàtẹ́wọ́. "Ó mà dùn o! Ta ni, ọ̀gá?"

"Ìyá mi ni."

"Ẹ bá mi kí wọn o."

Omi lé ròrò sójú atúnkọ̀ǹpútàṣe náà. Ohùn tó jáde nínú kọ̀ǹpútà yẹn, ti màmá tó jókòó tì í yìí kan náà ni.

Ìyá wo ló ń fi "ẹ" bá ọmọ bíbí inú rẹ̀ sọ̀rọ̀, bí kò ṣe èyí tí iyè rẹ̀ ti rá, tí kò sì ní ẹ̀dà níbòmíràn?