Níbo Ló Ti Ń Dún?

“Kí ló gbé yín wá, Bàbá?”

Ọ̀gá mẹkáníìkì pòṣé. Ẹkún tí ìyàwó rẹ̀ ń sun pé ọkọ òun kì í rí oorun sùn ló lé e wá sọ́dọ̀ ọmọdébìnrin yìí, tó ń fi ẹnu lásán wo ìdààmú ọkàn sàn.

“Èmi ni màá tún sọ ọ́? Ṣé oníbàárà ló ń júwe àrùn mọ́tò fún mi?”

“Báwo lẹ ṣe máa ń mọ̀ ọ́n?”

“Màá ní kó ṣáná sí i, màá panu mọ́, màá tẹ́tí. Ohun tó bà jẹ́ á dún fúnra ẹ̀.”

Ọmọbìnrin náà panu mọ́.

Nǹkan ń dún kò-kò-kò lábẹ́ tábìlì.

“O ò rí tábìlì ẹ tún ṣe, èèyàn lo fẹ́ tún ṣe!”

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì. Orúnkún tirẹ̀ ló ń gbá a. Ó fọwọ́ méjèèjì dì í mú, síbẹ̀ kò yéé dún.