Fílítà Ọkọ̀ Tíṣà

“Bàbá, ẹ bá mi di ike yìí mú dáadáa.”

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì náà bẹ̀rẹ̀, ó gbé ike sábẹ́ fílítà tí Abdulbaqi mẹkáníìkì ń tú lára ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ ní Adigbe. Dísẹ́ẹ̀lì dúdú ṣàn wálẹ̀, ó ta sí i lápá. Láti àárọ̀ ni ọkọ̀ náà ti ń kú lójú ọ̀nà nítorí pé ìdọ̀tí ti dí fílítà, bẹ́ẹ̀ ọsibítù ló ń lọ, láti gbé ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ní ara rẹ̀ ti yá wálé.

Fóònù dún. Àyànfẹ́, ọmọ rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní ọsibítù, ló pè.

“Bàbá mi, ẹ má wulẹ̀ sáré mọ́.” Ẹkún ò jẹ́ kó lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

“Mo ti gbọ́,” ni tíṣà wí, ó sì fi fóònù sápò.

Ó tún di ike mú. Ó ń wo bí Abdulbaqi ṣe ń de fílítà tuntun, tó ń tẹ pọ́ǹpù kékeré kí afẹ́fẹ́ lè jáde, àfi bí ẹni pé ọkọ̀ ẹlòmíràn ni.

Abdulbaqi yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

“Ó ti bọ́ sí i, Bàbá! Ẹ bá mi kí Màmá o.”

“Bá mi tú àga ẹ̀yìn kúrò ná.”

Abdulbaqi rẹ́rìn-ín. “Ibo wá ni Màmá máa jókòó sí?”

“Kò ní jókòó,” ni tíṣà wí, ó sì na ọwọ́ mú sípánà.