Ìgò Tí Àna Gbé Wá

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ sọ ọmọ Olúdayọ̀ lórúkọ ní Sùúrùlérè, Theophilus Oyèníran, bàbá àgbà ọmọ náà, ti jẹ ẹ̀bà yó kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ebi kọ́ ló ń pa á. Nọ́ọ̀sì kan ní Yábàá ló kọ́ ọ pé ẹni tó bá ń jáwọ́ nínú ọtí kò gbọdọ̀ jẹ́ kí inú òun ṣófo, àti pé bí ọ̀fun bá ti ń pe ọtí, kó yára fún un ní nǹkan kíkorò. Orógbó ló kún àpò agbádá rẹ̀.

"Ọkùnrin tó ti mu odò gbẹ," ó ń bá ara rẹ̀ wí nínú dígí, "ẹ̀kán kan ṣoṣo ló wá ń lé e kiri ilé."

Ẹ̀kán náà kò sì ṣeé sá fún. Nínú ìdílé Oyèníran, bàbá àgbà ló máa ń fi omi, oyin, iyọ̀ àti ọtí kan ọmọ lẹ́nu. Òun náà á tọ́ ọ wò, ife á sì yí gbogbo ilé ká. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀kán kan ni gbogbo ìṣubú Theophilus fi ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ṣe kẹ́yìn parí sínú gọ́tà ní Ojú Ẹlẹ́gbà, tòun ti aṣọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn.

Caroline, ìyàwó rẹ̀, ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. "Bàbá Dayọ̀, tí mo bá gbóòórùn ẹ̀ lẹ́nu yín lónìí, ọmọ yẹn ò ní dé apá yín."

"O fẹ́ gba ọmọ ọmọ mi lọ́wọ́ mi ni?"

"Ẹ̀yin lẹ máa gbà á lọ́wọ́ ara yín."

Ó fẹ́ gbé ọmọ náà ju bó ṣe fẹ́ ohunkóhun lọ.

Ohun tó dá ìṣòro sílẹ̀ ni pé àna ló gbé ọtí wá. Ambrose Ọláìtán, bàbá ìyàwó Olúdayọ̀, ń gbé ní Mushin, kò sì sí ilé ọtí tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n títí dé Sábó. Ó ti ránṣẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ọtí, pé ọtí ọwọ́ òun ni wọ́n máa fi sọ ọmọ ọmọ òun lórúkọ. Nírọ̀lẹ́ àná ló gbé ìgò jíìnì náà dé, tó ń rún orógbó lẹ́nu. Theophilus fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dúpẹ́, inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Ta ni yóò sọ fún àna pé òun ò fẹ́ ọtí rẹ̀?

Láàárọ̀ yìí, ó yọ́ gbé ìgò náà lọ sẹ́yìnkùlé. Ìdérí rẹ̀ ṣí wẹ́rẹ́. Ó fi ọwọ́ di imú, ó kọjú sí ògiri, ó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn adìẹ Caroline sáré wá mu níbẹ̀, wọ́n mu tẹ́rùn, wọ́n sì bá ẹsẹ̀ wọn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Adìẹ gan-an mọ ọtí í mu jù mí lọ," ni Theophilus wí. Ó lọ rọ omi ẹ̀rọ kún ìgò náà. Omi ọ̀sẹ̀ yẹn ń rùn fún oògùn tí ìjọba ń dà sí i, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti lọ.

Ilé kún. Theophilus fi omi kan ọmọ lẹ́nu: "Omi kì í lọ́tàá, o ò ní lọ́tàá." Ó ṣe ti oyin, ó ṣe ti iyọ̀. Nígbà tó kan ọtí, ó tọ́ ọ wò, ó fún ojú pọ̀ dáadáa, ó sì gbé ife fún Ambrose.

Ambrose fẹnu kàn án, ó sì dúró. Ó wo inú ife. Ó wo Theophilus. Lẹ́yìn náà ló mi orí, ó wúkọ́.

"Ọtí yìí le o."

Bí àgbà bá ti sọ pé ọtí le, ọmọ ta ni yóò sọ pé kò le? Àǹtí Gertrude tọ́ ọ wò, ó nu ojú. Kọ́lápọ̀, àbúrò Theophilus, ní ó ti ń gun òun lórí, ó sì bèèrè fún díẹ̀ sí i.

Caroline súnmọ́ ọkọ rẹ̀, ó gbóòórùn ẹnu rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ó sì gbé ọmọ náà lé e lápá. Ọmọ náà yán. Omijé ń bọ́ lójú Theophilus, kò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ambrose mú orógbó lápò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wo ojú ọmọ, ó sì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sétí Theophilus pé, "Àna mi, omi kànga ilé mi ni mo rọ sínú ìgò yẹn, kò sì lóòórùn oògùn rárá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ da omi mi sí?"