Sípánà Tí Kò Rí Ẹni Dì Í Mú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé àárín kí ẹ sọ fóònù sílẹ̀. Ẹ kà á tán, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ìyá tí ẹ ò tíì pè láti ọjọ́ pípẹ́.

1.
Ọkùnrin kan wà tí gbogbo èbúté ń pè ní Mo-Dá-a-Ṣe. Mẹkáníìkì ọkọ̀ ojú omi ni kó tó fẹ̀yìn tì. Bí o bá ní kí o bá a gbé ẹrù, á ní, "Fi sílẹ̀, mo lè dá a ṣe." Bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn.

Òun àti ìyàwó rẹ̀ ra ọkọ̀ onígbòkun kan, wọ́n sọ ọ́ di ilé. Yàrá wà nínú rẹ̀, ilé ìdáná kékeré náà wà, èyí tí ìyàwó fọwọ́ ara rẹ̀ kùn ní ọ̀dà yẹ́lò. Láti èbúté kan dé òmíràn ni wọ́n ń fi í gbafẹ́ kiri. Nígbà tí ìyàwó kú, ọkùnrin náà kò kúrò nínú ọkọ̀. Ó ṣì ń po tíì ife méjì láràárọ̀, á sì jókòó ti ife kejì títí á fi tutù.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí èbúté rárá, wá bá a. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun ta ọkọ̀ náà, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn, kó má dá wà. Ọ̀rọ̀ àánú ni, àmọ́ èébú ni Mo-Dá-a-Ṣe kà á sí. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ta ọkọ̀ yẹn, ìyàwó òun ló fẹ́ tà. Láti ọjọ́ náà, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

2.
Àsìkò ìjì dé. Afẹ́fẹ́ gbá ọkọ̀ náà mọ́ òkúta èbúté, pákó ìdí rẹ̀ kan sì fọ́. Wọ́n wọ́ ọ gòkè sí ọgbà àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe. Káfíńtà fi pákó tuntun sí i, ó wá ku bóòtù tí wọ́n máa fi dè é.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ yìí, torí ibẹ̀ gan-an ni ìtàn wà. Ìta ni wọ́n ti ń ki bóòtù bọ pákó, inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń fi nọ́ọ̀tì dè é. Ẹnìkan á fi sípánà di orí bóòtù mú níta, ẹnìkejì á máa yí nọ́ọ̀tì nínú. Wọn ò rí ara wọn, nítorí náà wọ́n á máa kan pákó. Bí ti ìta bá kàn án, ó ti dì í mú nìyẹn. Bí ti inú bá kàn án, ó ti dè é tán. Bí kò bá sí ẹni níta, bóòtù á kàn máa bá nọ́ọ̀tì yí ni. Mo-Dá-a-Ṣe mọ èyí dáadáa. Òun ló tiẹ̀ kọ́ àbúrò rẹ̀ ní iṣẹ́ náà nígbà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

Lójijì ni ìjì ṣí òrùlé ìsọ̀ káfíńtà, ó sì ní láti sáré lọ kó irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò nínú òjò. Ó bẹ bàbá pé kó dúró de òun títí ojú ọjọ́ á fi rọ̀.

"Tàbí kẹ́ ẹ pe àbúrò yín, bàbá. Kò lè pẹ́ rárá."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo ní àbúrò?"

3.
Ó wá ku òun nìkan lábẹ́ ọkọ̀, òjò ń lu ọ̀rá tí wọ́n ta bò ó. Ó mú fóònù, ó wá orúkọ àbúrò rẹ̀ jáde, ó tẹjú mọ́ ọn. Àánú rẹ̀ ṣe mí níbi yìí, mi ò ní parọ́. Àmọ́ orí kunkun ò jẹ́. Ó dá fóònù padà sápò.

Ó fi okùn so sípánà mọ́ igi tó gbé ọkọ̀ ró, ó gun inú ọkọ̀ lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí nọ́ọ̀tì. Ó tiẹ̀ kan pákó, bó ṣe mọ́ ọn lára. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Àwọn bóòtù kan le. Méjì kàn ń yí lọ ní tiwọn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún okùn so, ó tún gòkè, títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn ó ní ó ti tó bẹ́ẹ̀, ó fi ọ̀dà kun pákó náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀dà kì í de bóòtù.

4.
Bí ìjì ṣe dáwọ́ dúró díẹ̀, ó sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà náà pé káfíńtà ti parí iṣẹ́. Wọ́n gbé ọkọ̀ sómi. Ohun tó ń dùn mọ́ ọn nínú ni pé àbúrò òun á gbọ́ pé òun dá a ṣe.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìjì padà. Mo-Dá-a-Ṣe wà nínú ọkọ̀ nígbà tí ìgbì gbá ìdí rẹ̀, tí bóòtù méjì tí kò le yẹn yọ, tí pákó tuntun náà sì là. Bó bá fi aṣọ dí ibi tí omi ń gbà wọlé, tó sì dì í mú, kò sẹ́ni tó máa fa pọ́ǹpù tó ń da omi síta. Bó bá lọ fa pọ́ǹpù, omi á ti aṣọ kúrò. Omi dé orókún, ó dé ìbàdí. Àwọn òṣìṣẹ́ ju okùn sí i, wọ́n fà á jáde. Ojú rẹ̀ ni ọkọ̀ náà ṣe rì, pẹ̀lú ilé ìdáná yẹ́lò, aṣọ ìyàwó rẹ̀, fọ́tò rẹ̀, gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù fún un nípa obìnrin náà.

5.
Káfíńtà ló pe àbúrò. Sálúbàtà ilé ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà tó sáré dé. Ó bọ́ ẹ̀wù òtútù ọrùn ara rẹ̀, ó fi bo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ ò pè mí?"

"Mo rò pé wàá tún ní kí n tà á."

Àbúrò fa ẹ̀wù náà mọ́ ọn lára.

"Ǹ bá kàn bá yín dì í mú ni."

Ilé àbúrò náà ni Mo-Dá-a-Ṣe ń gbé báyìí. Ọmọ kún ilé, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Síbẹ̀, òun nìkan ló máa ń dá jókòó lójú fèrèsé, torí kò sí ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ tí ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kàn rí. Ó dùn mí gan-an.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, ìkìlọ̀ rèé o. Má jẹ́ kí ìgbéraga sé ẹ mọ́lé. Ẹni tí o bá bínú sí, tí o sì mọ̀ pé ó fẹ́ràn rẹ, pè é lónìí kí ìjì tó jà. Ohun tó bá gba èèyàn méjì, má ṣe sọ pé o lè dá a ṣe. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán: ẹnìkan kì í jẹ́ "àwá dé".