Ríliìsì

Ìjà òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ti dé ojú omi wa.

Ìjọba ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ẹja lọ tà ní Àjàṣẹ́ ilẹ̀ Faransé mọ́. Jùbrílù gbé tirẹ̀ lọ, àwọn aṣọ́bodè sì mú un tẹja-tẹja.

Wòsílátù ìyá Láídì, ìyàwó rẹ̀, wá ń kọ́ èdè òyìnbó lọ́dọ̀ Tísà Sàláúdéènì ní Mahintedo.

Tísà ní ẹmbágò ni kí ìjọba fòfin dá òwò dúró. Síìsì ni kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù ẹni.

Ríliìsì ni kí wọ́n dá ènìyàn sílẹ̀. Ìyẹn ni Wòsílátù ń pè ṣáá nídìí ààrò ẹja.

Lónìí, òun àti Tísà dúró níwájú òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá aṣọ́bodè.

"Pílíìsì, sà, ríliìsì mai họ́sìbáǹdì."

Òyìnbó náà yíjú sí Tísà, ó fi Yorùbá wúruwùru béèrè pé:

"O kò tíì sọ fún un? Ṣebí ìwọ lo kírun sí òkú ọkọ rẹ̀ lára."

Wòsílátù di Tísà lápá mú. "Òkú ta ni?"

Tísà kò lè gbójú sókè.

"Ẹ foríjì mí, Ìyá Láídì. Ọjọ́ tí mo wá túfọ̀ rẹ̀ fún yín lẹ ní kí n kọ́ yín ní Gẹ̀ẹ́sì."