Philemon Tó Fọ Àtè Kúrò Lára Okùn Dígí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí gúrúùpù kankan. Ẹ kọ́kọ́ kà á dé ìdí, torí mo mọ̀ yín: ìlà méjì lẹ máa kà, ẹ ó ti kọ "Àmín" síbẹ̀.

1.
Awakọ̀ Dókítà Adépéjú ni Philemon. Dókítà yìí wá láti Ìjẹ̀bú, ó ń kọ́ni ní yunifásítì kan nílẹ̀ Ìkálẹ̀ wa níbí. Philemon ní ìwà kan tó bá a wáyé: kò lè rí ìdọ̀tí kó má nù ún. Àkísà kì í kúrò léjìká rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá tán, táyà ni yóò máa nù.

Dókítà ṣe ẹ̀rọ kan tó ń mọ̀ bóyá májèlé ṣì kù nínú pupuru. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jẹun Ìkálẹ̀ rí mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ pupuru gbọ́dọ̀ sùn sómi bí ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n tó fún un, kí wọ́n ṣù ú, kí wọ́n yan án lórí iná. Ẹni tó bá kánjú yọ ọ́ ń ta májèlé fáráyé ni.

Okùn dígí kan, tín-ín-rín bí irun orí, ló wà lẹ́nu ẹ̀rọ náà. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá.

"Philemon, gbọ́ mi dáadáa," ni Dókítà wí. "Mo fi nǹkan ra ẹnu okùn yìí, bí ẹni fi àtè ra igi de ẹyẹ. Májèlé ẹ̀gẹ́ nìkan ló ń lẹ̀ mọ́ ọn. Tó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ìmọ́lẹ̀ inú okùn á yí padà, nọ́ńbà á gòkè. Tó bá kọjá mẹ́wàá, kẹ́nikẹ́ni má jẹ pupuru yẹn. Omi inú ìgò yìí nìkan ni kó o máa fi ṣàn án. Má nù ún o."

"Ó ti yé mi, mà."

Kò yé e. Ohun tó ń wò ni ìdọ̀tí kan tó rí lẹ́nu okùn.

2.
Dókítà rìnrìn àjò lọ sí Àkúrẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ní kí Philemon gbé ẹ̀rọ lọ bá àwọn ìyá oní-pupuru ní Erinje. Ọkọ̀ èrò tó gbé Dókítà kò tíì yà ní kọ́nà tí Philemon fi mú àkísà. Ọṣẹ ìfọṣọ ló fi fọ ẹnu okùn náà, ó ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó tún fi atẹ́gùn ẹnu fẹ́ ẹ. Okùn wá ń dán.

Ìwọ tó ò ń rẹ́rìn-ín yìí, ọjọ́ tó o tú rédíò bàbá rẹ, ṣebí ìdè mẹ́ta ló ṣẹ́ kù tó ò ríbi fi sí?

Philemon wọ kóòtù funfun Dókítà lọ sí Erinje, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Pupuru àkọ́kọ́: méjì. Ìkejì: méjì. Inú àwọn ìyá dùn, wọ́n ń di ẹja yíyan fún un, wọ́n ń pè é ní Dókítà Kékeré.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan ni Philemon torí ẹ̀ múra: Iye Vivian, ìyá ọmọ tó fẹ́ fẹ́. Sátidé tó ń bọ̀ ni mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́, màmá yìí kò sì tíì sọ pé òun gbà. Ohun tó ń sọ ni pé ẹnu Philemon ti dùn jù.

Pupuru Iye Vivian: méjì. Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Susan gbé tirẹ̀ wá. Gbogbo Erinje ló mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ Susan kì í sùn sómi ju ọjọ́ méjì lọ.

"Méjì," ni Philemon wí.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Iye Vivian. "Philemon, ṣé ẹ̀rọ yìí mọ Susan ni?"

"Màmá, ẹ̀rọ kì í wojú èèyàn."

"Mo rí i bẹ́ẹ̀."

3.
Ní Fráídé, Iye Vivian gbé pupuru mìíràn dé. "Ọma mi, bá mi wo eléyìí."

"Méjì, Màmá. Eléyìí tún dáa ju ti ìjẹta lọ."

Màmá gún un kúnná. Ó da omi gbígbóná sí i, ó rò ó, ó gbé ọbẹ̀ ẹja tì í. "Jókòó, jẹun. Àna mi kò ní fi ebi kúrò níwájú mi."

Àna! Ọkàn Philemon fò sókè. Ó bu òkèlè tó tó ìkúùkù. Bó ṣe dé ẹnu rẹ̀, ìkorò gun etí rẹ̀ méjèèjì. Tó bá tu ú, á jẹ́ pé irọ́ ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń pa. Tó bá gbé e mì, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Ó wo Vivian tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó wo ìyá Vivian.

"Ṣé ó dùn?"

"Ó... ó dùn, Màmá."

"Tu ú dànù, kí n má baà sin ọ́ kí n tó gbà ọ́ lána. Òru kan péré lẹ̀gẹ́ yìí sùn sómi. Èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́."

Ó tu ú, gbogbo rẹ̀ sì balẹ̀ sórí kóòtù funfun. Vivian rọra na àkísà sí i.

"Gbà, nù ún. Ṣebí iṣẹ́ ẹ nìyẹn."

4.
Àárọ̀ Sátidé ni Dókítà dé. Ó wo okùn náà, ó wo Philemon.

"Ta ló fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀?"

"Mo bá yín fọ̀ ọ́ ni, mà. Ó dọ̀tí."

"Kí lo fi fọ̀ ọ́?"

"Ọṣẹ ìfọṣọ. Mo sì ṣàn án dáadáa, mà, ẹ̀ẹ̀mejì."

"Philemon, ohun tó o fọ̀ dànù yẹn ni ẹ̀rọ. Èyí tó kù, dígí lásán ni. O nu àtè kúrò lára igi, o wá ń sọ fún gbogbo Erinje pé kò sẹ́yẹ nínú igbó."

Dókítà fi okùn tuntun sí i, wọ́n yẹ gbogbo pupuru wò lákọ̀tun. Ti Iye Vivian tó kọ́kọ́ gbé wá: mẹ́fà. Ti Susan: mẹ́rìndínláàádọ́ta. Dókítà gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Iye Vivian ránṣẹ́ sí bàbá Philemon ní Igbodigo pé kó má wulẹ̀ gbé iṣu mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ bọ̀. Ọmọ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ wá ṣọ́ ẹ̀gẹ́ òun nínú omi títí yóò fi mọ bí ọjọ́ mẹ́rin ṣe gùn tó.

Bí ẹ bá gba etí odò Erinje kọjá, ẹ ó rí i níbẹ̀. Ẹ má pè é ní Philemon o, kò ní dáhùn. Méjì ni gbogbo ìlú ń pè é báyìí. Àwọn tó fún un lẹ́ja yíyan ṣì ń bi í pé ẹja àwọn dà.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ṣọ́ra. Kì í ṣe gbogbo ohun tó jọ ìdọ̀tí ni ìdọ̀tí. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ káwọ́ yín lẹ́yìn. Tí kò bá sì yé yín, ẹ má ní ó yé yín nítorí pé àna ń wò yín. Ẹ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Abèèrè kì í ṣìnà; anìkàngbọ́n ló ń wọgbó.